Ọmọ ọdún 26 tó wọ ilé aṣòfin Kwara: kí ni òfin gbà, kí ló sì kù lọ́nà ọ̀dọ́ tó fẹ́ díje?

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2023, akọ̀ròyìn kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 26, Rukayat Mọ́túnráyọ̀ Shittu, jáwé olúborí nínú ìdìbò sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹkùn ìdìbò Owódé/Oníre ní ìjọba ìbílẹ̀ Àsà ló ti díje lábẹ́ àsíá APC. Ìbò 7,521 ló ní. Olùdíje PDP tó ṣe ìkejì rẹ̀ ní 6,957. Ìbò 564 péré ló fi gba ipò náà, àìmọye wọ́ọ̀dù ló sì wà ní Nàìjíríà tí ibùdó ìdìbò kan ṣoṣo níbẹ̀ lè yí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ padà.

Láti ìgbà náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń dá nígbàkígbà tí ọ̀dọ́ kan bá lẹ pósítà jáde pé òun náà ń lọ sílé aṣòfin. Bẹ́ẹ̀ ni àríyànjiyàn yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní òfin ti ya àga sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹlòmíràn á ní ẹni tí kò bá ṣe àgùnbánirọ̀ kò lè díje. Àwọn kan á tiẹ̀ ní ọmọ ọdún 18 náà lè jáde. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjọ́ orí kọ́ ni ìṣòro tó le jù mọ́ báyìí. Inú ẹgbẹ́ òṣèlú lọ́hùn-ún ló wà, níbi tí wọ́n ti ń pinnu ẹni tí orúkọ rẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ àjọ INEC, ní ọ̀pọ̀ oṣù kí ará ìlú tó to ìlà láti dìbò.

Kí ni òfin "Not Too Young To Run" yí padà gan-an?

Kó tó di ọdún 2018, ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ 30 ọdún kò lè díje fún ipò aṣòfin ìpínlẹ̀, kò sì lè díje fún ilé aṣojú-ṣòfin l'Ábújá. Ti gómìnà àti sẹ́nétọ̀ jẹ́ ọdún 35, ti ààrẹ jẹ́ 40. Èyí já sí pé ọmọ ọdún 18 lè dìbò fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ní láti dúró fún ọdún 12 gbáko kí ẹlòmíràn tó lè dìbò fún òun.

Ní ọdún 2016, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan, tí YIAGA ti Samson Itodo wà níwájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe. Tony Nwulu, tó ń ṣojú apá kan Oshodi-Ìsọlọ̀ l'Ékòó, ló gbé àbádòfin náà wọ ilé aṣojú-ṣòfin. Sẹ́nétọ̀ AbdulAziz Nyako láti Adamawa ló gbé e nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Oṣù Keje ọdún 2017 ni ilé méjèèjì fọwọ́ sí i. Nítorí pé ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tún ṣe, àwọn aṣòfin l'Ábújá kò lè dá a ṣe: ó kéré tán, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Wọ́n fọwọ́ sí i, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2018.

Ohun tó jáde nínú rẹ̀ kéré sí ohun tí wọ́n béèrè. Ọjọ́ orí aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ti aṣojú-ṣòfin wá sílẹ̀ láti 30 sí 25. Ti ààrẹ wá sí 35. Àwọn ọ̀dọ́ náà fẹ́ kí ti gómìnà àti sẹ́nétọ̀ bọ́ sí 30, ṣùgbọ́n 35 náà ló ṣì wà títí di òní. Wọ́n tún fẹ́ kí ènìyàn lè dá díje láìsí lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan. Ìyẹn kò bọ́ sí i rárá. Kò sì síbì kankan tí òfin náà ti ní kí wọ́n fi àga kan ṣoṣo pamọ́ fún ọ̀dọ́. Ohun tó ṣe kò ju pé ó gbé ìdènà ọjọ́ orí kúrò fún àwọn tó wà láàrin 25 sí 29 tó fẹ́ di aṣòfin, àti fún àwọn tó wà láàrin 35 sí 39 tó fẹ́ di ààrẹ. Láìsí òfin yìí, ọmọ ọdún 26 ti Owódé/Oníre kì bá tí lè gba fọ́ọ̀mù rárá.

Kí ni òfin béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ díje?

Abala 106 ìwé òfin ilẹ̀ wa ló tò ó sílẹ̀, kò sì gùn. Olùdíje gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ó gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 25. Ó gbọ́dọ̀ ti kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá tàbí ohun tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan, kí ẹgbẹ́ náà sì fà á kalẹ̀. Kò sí ìwé àgùnbánirọ̀ níbẹ̀. Kò sí ìwé ẹ̀rí yunifásítì níbẹ̀. Kò sí ibi tó ti ní olùdíje gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ bíbí ìlú tó fẹ́ ṣojú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ìṣe, ọ̀rọ̀ "ọmọ ta ni, láti agbo ilé wo" ló máa ń gba ìpàdé wọ́ọ̀dù kan. Ìwé òfin kò bèèrè rẹ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló ń bèèrè rẹ̀.

Ti ìwé mẹ́wàá yẹn máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Abala 318 ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tó gbòòrò gan-an: ẹni tó kàwé dé ìwọ̀n náà ti kúnjú òṣùwọ̀n, ẹni tó sì ní ìwé mẹ́fà péré lè kúnjú òṣùwọ̀n bí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, tó ti gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó tó ọdún kan, tó sì lè ka Gẹ̀ẹ́sì, kó kọ ọ́, kó sì gbọ́ ọ. Ẹni tó ń bú olùdíje pé "kò lọ sí yunifásítì" kò rí òfin kankan dìmú.

Abala 107 ló sọ ẹni tí kò lè díje. Lára wọn ni òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán ṣáájú ìdìbò, ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ awo, ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà jìbìtì láàrin ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, àti ẹni tó fi ayédèrú ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí INEC. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló yẹ kí ọ̀dọ́ tó ń díje fún ìgbà àkọ́kọ́ fojú sí jùlọ.

Ìdí ni pé fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní EC9. Olùdíje yóò kọ orúkọ, ọjọ́ ìbí, ilé ìwé tó lọ àti iṣẹ́ tó ti ṣe sínú rẹ̀, yóò búra lé e lórí nílé ẹjọ́, INEC yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ ní ẹkùn ìdìbò náà kí gbogbo ayé lè kà á. Bí orúkọ inú ìwé mẹ́wàá bá yàtọ̀ sí ti inú ìwé ọjọ́ orí, tí orúkọ ilé ọkọ sì tún wọ inú káàdì ìdìbò, wàhálà ti dé nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bayelsa kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn agbẹjọ́rò: ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2020, nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n búra fún David Lyon ti APC gẹ́gẹ́ bíi gómìnà, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé orúkọ tó wà lára àwọn ìwé ẹ̀rí igbákejì rẹ̀ kò bára wọn mu. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí gómìnà, kí ni a fẹ́ sọ nípa ọmọ ọdún 26 tí kò ní agbẹjọ́rò àgbà lẹ́yìn? Ìbúra nílé ẹjọ́ láti so àwọn orúkọ pọ̀ kò wọ́n. Ṣíṣe é kí fọ́ọ̀mù tó jáde ló ṣe pàtàkì.

Bí òfin bá ti gbà wọ́n láyè, kí ló dé tí wọn kò fi pọ̀ níbẹ̀?

Àwọn olùdíje 10,225 ni INEC gbé orúkọ wọn jáde fún àga 993 tó wà ní gbogbo ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní ọdún 2023. Ó jẹ́ bí ènìyàn mẹ́wàá lórí àga kan. Nínú àwọn 93,469,008 tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lọ́dún náà, àwọn tó wà láàrin ọdún 18 sí 34 jẹ́ 37,060,399. Ìpín 39.65 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, kò sì sí ìsọ̀rí ọjọ́ orí mìíràn tó pọ̀ tó wọn. Síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Yiaga Africa, ìpín àwọn ọ̀dọ́ láàrin àwọn olùdíje jákèjádò orílẹ̀-èdè, tó ti gòkè dé nǹkan bí 34 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún 2019, tún já wálẹ̀ sí nǹkan bí 28 ní 2023. Òfin ọjọ́ orí kò yí padà láàrin ọdún mẹ́rin yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́.

Òfin Ìdìbò ọdún 2022, èyí tí wọ́n fi ṣe ìdìbò 2023, gba ọ̀nà mẹ́ta láyè fún ìdìbò abẹ́lé nígbà náà, abala 84 rẹ̀ ló sì wà. Ọ̀nà kìíní ni kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ní káàdì jáde sí wọ́ọ̀dù wọn kí wọ́n dìbò. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n á to ìlà sẹ́yìn àwòrán ẹni tí wọ́n fẹ́, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ á sì máa kà wọ́n lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀nà kejì ni ti àwọn dẹ́lígéètì: wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan á yan àwọn díẹ̀, àwọn díẹ̀ yìí á pàdé ní gbọ̀ngán kan, àwọn ni yóò sì dìbò fún gbogbo ẹgbẹ́. Ọ̀nà kẹta ni ìfẹnukò, pé kí ẹgbẹ́ fẹnu kò sórí ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ ká wo ti dẹ́lígéètì dáadáa, bó ṣe rí lábẹ́ òfin 2022, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ṣubú. Nínú ẹkùn ìdìbò ìpínlẹ̀ kan, iye àwọn dẹ́lígéètì kì í pọ̀. Wọ́n mọ ara wọn. Ẹni tó fẹ́ ipò náà mọ ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Olówó kò nílò láti bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀. Ó tó kó bá àwọn díẹ̀ yìí sọ̀rọ̀ lóru, kó san owó ọkọ̀ àti ti hòtẹ́ẹ̀lì wọn, kó sì fi nǹkan lé e. Ọ̀dọ́ tó ti ń fi ẹsẹ̀ rin agbègbè láti oṣù mẹ́fà, tí àwọn ọlọ́kadà àti àwọn ìyálọ́jà mọ̀ ọ́n, kò ní ìbò kan ṣoṣo nínú gbọ̀ngán yẹn bí kò bá sí dẹ́lígéètì tirẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ tó ti rìn, ọjọ́ ìdìbò gbogboogbò ló máa wúlò, bí ó bá lè dé ibẹ̀.

Ti ìfẹnukò náà ní tirẹ̀. Abala 84 òfin 2022 sọ pé kí gbogbo àwọn tó ń du ipò náà kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn gbà láti juwọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n yàn. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá kọ̀, ìfẹnukò ti bàjẹ́, ìdìbò abẹ́lé di dandan. Ẹ̀tọ́ tó lágbára nìyí, ó sì ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ̀ pé àwọn ní in. Wọ́n á pè wọ́n sí ìpàdé lálẹ́, àwọn àgbà ẹgbẹ́ á ní "ọmọ wa, ṣe sùúrù, ó di ọdún mẹ́rin sí i", wọ́n á sì gbé ìwé kalẹ̀. Ẹni tó bá buwọ́ lù ú kò lè padà sílé ẹjọ́ lọ́la láti sọ pé wọ́n yàn án jẹ.

Èló ló ń náni?

Fún ìdìbò 2023, APC ta fọ́ọ̀mù aṣòfin ìpínlẹ̀ ní mílíọ̀nù 2 náírà: ẹgbẹ̀rún 500 láti fi ìfẹ́ hàn, mílíọ̀nù 1.5 fún fọ́ọ̀mù ìdíje fúnra rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù nígbà náà jẹ́ ẹgbẹ̀rún 30 náírà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn yóò fi owó oṣù rẹ̀ pamọ́ fún ohun tó lé díẹ̀ ní ọdún márùn-ún àti ààbọ̀ láìjẹ láìmu kó tó lè ra á. Ti PDP jẹ́ ẹgbẹ̀rún 600.

Àwọn ẹgbẹ́ náà ṣe ẹ̀dínwó. Ní APC, ẹni tí kò bá tíì pé 40 san ìdajì owó fọ́ọ̀mù ìdíje, tí àròpọ̀ rẹ̀ fi di mílíọ̀nù 1.25. Àwọn obìnrin àti àwọn aláàbọ̀ ara kò san owó fọ́ọ̀mù ìdíje rárá. Ẹgbẹ̀rún 500 ti ìfẹ́ hàn nìkan ni wọ́n san. Nítorí náà, láàrin ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ọdún 26 nínú APC lọ́dún náà, owó tí wọ́n ní kí obìnrin san kò tó ìdajì ti ọkùnrin. PDP náà fagi lé owó fọ́ọ̀mù ìdíje fún obìnrin, ó sì dín tàwọn tó wà láàrin ọdún 25 sí 30 kù sí ìdajì.

Fọ́ọ̀mù kọ́ ló ń gbówó jù. Pósítà wà, ìpolongo orí rédíò wà, ọkọ̀ tí yóò máa gbé gbohùngbohùn yí abúlé ká wà. Ní ọjọ́ ìdìbò, olùdíje gbọ́dọ̀ ní aṣojú ní gbogbo ibùdó ìdìbò ẹkùn rẹ̀, ẹni tí yóò jẹun, tí yóò wọkọ̀, tí yóò jókòó títí wọn yóò fi ka ìbò tán, tí yóò sì gba ẹ̀dà fọ́ọ̀mù EC8A tí èsì ibùdó wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ àwọn aṣojú yìí ni ìdìbò tí ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 564 wà. Òfin 2022 ní olùdíje ipò aṣòfin ìpínlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ná ju mílíọ̀nù 30 náírà lọ. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, iye yẹn ga ju ohun tó lè rí lọ. Fún àwọn tí wọ́n jọ ń díje, ó lè má jẹ́ nǹkan kan.

Lẹ́yìn èyí ni "dìbò kóo sebẹ̀". Gbólóhùn náà gbalẹ̀ nígbà ìdìbò gómìnà Èkìtì lọ́dún 2018, gbogbo wa la sì mọ ohun tó túmọ̀ sí báyìí. Abala 121 Òfin Ìdìbò ọdún 2022 sọ pé ẹni tó bá ra ìbò àti ẹni tó bá tà á lè fẹ̀wọ̀n oṣù 12 jura, tàbí kó san ẹgbẹ̀rún 500 náírà, tàbí méjèèjì.

Ṣé kì í ṣe bàbá ìsàlẹ̀ ló ń fa gbogbo wọn kalẹ̀?

Ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Ẹ wo Adébọ̀ Ogundoyin ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọdún 1987 ni wọ́n bí i. Nígbà tí Michael Adeyemo, tó jẹ́ abẹnugan ilé aṣòfin Ọ̀yọ́, kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, Ogundoyin díje lábẹ́ PDP nínú àtúndì ìbò Ìbàràpá Ìlà-Oòrùn, ó sì wọlé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe abẹnugan. Ní 2023, wọ́n tún yàn án, ó sì di alága àwọn abẹnugan ilé aṣòfin gbogbo ìpínlẹ̀. Ọ̀dọ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí orúkọ rẹ̀ ti rinlẹ̀ ló ti wá: orúkọ bàbá rẹ̀, olóyè Adéṣeun Ogundoyin, ló wà lára ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ìpínlẹ̀ tó wà ní Erúwà.

Ti Owódé/Oníre yàtọ̀ sí èyí. Akọ̀ròyìn tó kàwé ní yunifásítì National Open ni Shittu, kì í ṣe orúkọ ilé tí gbogbo Kwara mọ̀ ló gbé jáde. Ṣùgbọ́n òun náà kò dá wá. Kwara ti yí padà lọ́dún 2019, nígbà tí ariwo "Ó tó gẹ́" gba agbára lọ́wọ́ ìdílé Saraki tó ti ń darí ìṣèlú ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí APC sì gba ìjọba. Láti ìgbà náà, tíkẹ́ẹ̀tì APC ní Kwara ti di ohun tó níye lórí. Ẹni tó bá gbà á ti ní ètò ẹgbẹ́, aṣojú ibùdó ìdìbò, àti gómìnà tó ń polongo lẹ́yìn rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, ìbò 564 ló fi borí. Ó yẹ kí àwọn tó ń sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló ṣe é, àti àwọn tó ń sọ pé akitiyan rẹ̀ nìkan ló ṣe é, jọ wo ìyẹn.

Iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ń lọ ṣe níbẹ̀?

Púpọ̀ nínú ìlérí tí à ń gbọ́ lẹ́nu olùdíje aṣòfin kì í ṣe iṣẹ́ aṣòfin. Kànga gbígbẹ́, ọ̀nà títẹ́, ẹ̀rọ amúnáwá rírà: iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Aṣòfin lè jà kí wọ́n wọ inú ètò ìṣúná, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe.

Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tóbi ju kànga lọ. Òun àti àwọn aṣòfin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fọwọ́ sí ètò ìṣúná kí gómìnà tó lè ná kọ́bọ̀. Àwọn ni wọ́n ń ṣàyẹ̀wò àwọn tí gómìnà fẹ́ fi ṣe kọmíṣánnà. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí àbádòfin kan, tí ọgbọ̀n ọjọ́ sì kọjá tí gómìnà kò buwọ́ lù ú, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn lè tún fọwọ́ sí i kó di òfin láìsí ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n tún lè yọ gómìnà nípò.

Ọ̀rọ̀ Àmọ̀tẹ́kùn fi agbára yìí hàn kedere. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn gómìnà mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ṣí ikọ̀ náà ní Ìbàdàn. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, mínísítà ètò ìdájọ́, Abubakar Malami, ní kò bófin mu. Ohun tó yanjú rẹ̀ kì í ṣe ìwọ́de nìkan; wọ́n fẹnu kò pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbé òfin kalẹ̀ fún un, ilé aṣòfin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ṣe òfin tiwọn láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó ń rìn nínú igbó láti dáàbò bo àgbẹ̀ lónìí dúró lórí ìbò tí wọ́n dì nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn.

Agbára yìí kì í sábà hàn, ìdí rẹ̀ sì ni owó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ gómìnà ni owó ilé aṣòfin ti ń wá, ẹni tí ó ń fún ọ lówó oṣù sì ṣòro láti ta kò. Àtúnṣe ìwé òfin tó fún wọn ní òmìnira owó wáyé ní 2018, òmíràn tún tẹ̀lé e ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Lọ́dún 2021, àwọn òṣìṣẹ́ ilé aṣòfin dá iṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè nítorí pé àwọn gómìnà kò tẹ̀lé àkọ́kọ́. Ọ̀dọ́ tó bá wọlé ń bá ìṣòro yìí níbẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀.

Kí ni àwọn tó ń fẹ́ ẹ àti àwọn tó ń ṣiyèméjì ń sọ?

Àwọn tó ń ṣiyèméjì fẹ́ràn láti sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìríra lásán. Wọ́n ní ẹni tí kò tíì ní iṣẹ́ tàbí ilé tirẹ̀ yóò gbára lé ẹni tó san owó fọ́ọ̀mù rẹ̀, yóò sì dìbò bí ẹni náà bá ṣe fẹ́. Wọ́n tún ní àwọn kan ń fa ọ̀dọ́ kalẹ̀ nítorí pé ó rọrùn láti darí wọn ju àgbà tó ti mọ ọ̀nà lọ.

Àwọn tó ń fẹ́ ẹ dáhùn pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, àti pé ọ̀pọ̀ àgbà ló ti ní bàbá ìsàlẹ̀ fún ogún ọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè. Wọ́n ń tọ́ka sí ìdá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin nínú mẹ́wàá olùdìbò tó jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n sì ń bèèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa owó ilé ìwé àti iṣẹ́ fún wọn nígbà tí ètò ìṣúná bá dé ilé.

Ìhà kẹta wà tí a kì í gbọ́ ohùn wọn púpọ̀. Wọ́n gbà pé ọjọ́ orí nìkan kò tó, pé láìsí àga àkànṣe, obìnrin àti ọ̀dọ́ yóò máa jẹ́ ẹnì kan níbí, ẹnì kan lọ́hùn-ún. Nínú ìlànà yìí ni àbádòfin àga àkànṣe fún obìnrin wà, èyí tó fẹ́ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àga mẹ́ta sí i nílé aṣòfin fún obìnrin nìkan, pẹ̀lú àga 37 sí i nílé àgbà àti 37 sí i nílé aṣojú-ṣòfin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin l'Ábújá dìbò tako irú àbádòfin bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin láti fi ẹ̀hónú hàn.

Bí ó bá ti wọlé, ṣé ó parí?

Kò parí. Ẹni tó pàdánù ní ọjọ́ 21 lẹ́yìn tí wọ́n kéde èsì láti lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò. Ìgbìmọ̀ náà ní ọjọ́ 180 láti dájọ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì ní 60. Fún aṣòfin ìpínlẹ̀, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ni òpin ẹjọ́. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè gbé e lọ.

Ohun tí èyí lè fà hàn ní Plateau. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yọ aṣòfin PDP 16 kúrò nílé nítorí aáwọ̀ lórí ètò ẹgbẹ́ wọn, kì í ṣe nítorí iye ìbò. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ wo ìdí kan náà nínú ẹjọ́ gómìnà Caleb Mutfwang, ó sì ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun tí ilé ẹjọ́ yẹn lẹ́tọ̀ọ́ láti fi yọ ọ́. Gómìnà padà sípò. Àwọn aṣòfin 16 náà kò lè padà, nítorí pé ẹjọ́ tiwọn ti dé òpin.

Ti Zamfara le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní APC kò ṣe ìdìbò abẹ́lé tó bófin mu níbẹ̀, gbogbo ìbò tí ará ìlú dì fún wọn sì di òfo. Láti orí gómìnà dé orí aṣòfin ìpínlẹ̀, ẹni tó ṣe ìkejì ni wọ́n fún ní ipò. Olùdíje lè borí lójú gbogbo ìlú, kó sì pàdánù nítorí ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú.

Ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ fi tún ń padà sórí ohun tó bọ́ sọnù ní 2018, pé kí ènìyàn lè díje láìsí ẹgbẹ́. Àwọn tó ń tako rẹ̀ ní ìwé ìdìbò yóò gùn jù, àti pé olówó tí ẹgbẹ́ kọ̀ yóò kàn gba ibẹ̀ wọlé. Bí Ábújá bá tilẹ̀ fọwọ́ sí i, ó ṣì gbọ́dọ̀ padà wá sí àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, níbi tí 24 nínú 36 gbọ́dọ̀ gbà. Àwọn tí yóò dìbò lórí rẹ̀ níbẹ̀ ni àwọn tí ẹgbẹ́ fà kalẹ̀.